Ìrọ̀rí Tí Bàbá Ìyàwó Mi Rán fún Ọwọ́ Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrọ̀rí ti kú, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì jáwọ́. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú rẹ̀, á ṣí padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀ ní kíká, bí àgbà tó sùn lọ lórí àga, ẹ má bá a jà mọ́, ẹ lọ wá òmíràn. Ẹni tó kọ́ mi ní èyí kò kọ́ mi nítorí ọrùn mi. Bàbá ìyàwó mi ni, àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń gbé lókè Agbaja, bí ọrùn bá ń dùn mí láàárọ̀, ìyẹn kò kàn án. Ọwọ́ mi ló kàn án.

Onínúfùfù ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Yàgbà, mo fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín ẹgbẹ́ mi kan nítorí máńgòrò tí kò tilẹ̀ tíì pọ́n. Mo dàgbà, mo gba iṣẹ́ ìjọba ní Lokoja, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun pẹ̀lú táì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ̀ pé a ti dàgbà. Mo ti fọ́ ife tíì mọ́ ògiri ọ́fíìsì rí nítorí pé ẹnìkan gbé fáìlì mi sí ibi tí kò yẹ. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tèmi mọ̀, kò kàn bìkítà ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí Agbaja láti lọ fojú han àwọn òbí ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Agbaja kì í ṣe ọ̀nà gidi, òkúta àti kòtò ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀kadà tí mo gùn yọ̀ lórí òkúta, ó dà wá sílẹ̀, ṣòkòtò tuntun tí mo rán nítorí àwọn àna mi sì ya lórúnkún. Ọlọ́kadà ń bẹ̀ mí. Kò tíì bẹ̀ mí tán tí mo fi ẹ̀ṣẹ́ bò ó. Mo lù ú títí ètè rẹ̀ fi là, mo tẹ ojú rẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo tún gbá a nípàá lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà. Mo dé ilé àna mi, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé omi fún mi. Mi ò tíì mu omi náà tán tí ọlọ́kadà yẹn fi wọlé pẹ̀lú ojú wíwú. Ọmọ àbúrò bàbá ìyàwó mi ni.

Kò sí ẹni tó pariwo. Bàbá náà wo ètè ọmọ àbúrò rẹ̀, ó wo orúnkún mi, ó wá wo ọwọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Ó kí mi bí a ṣe ń kíni lágbègbè wa, ó ní, "Okun o. O kú ewu ọ̀nà." Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Ní agboolé wọn, bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń rán ìrọ̀rí tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé lọ sílé ọkọ. Aṣọ kíjìpá tó nípọn ni wọ́n fi ń rán an, òwú àràbà ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ àpò ni wọ́n sì fi ń dí i lẹ́nu. Ọ̀kan ni wọ́n máa ń gbé jáde lọ́jọ́ ìdána. Lọ́jọ́ tiwa, bàbá náà gbé méjì jáde. Èdè Ọ̀wọ́rọ̀ ló sọ, kò sì jìnnà sí Yàgbà tiwa, gbogbo rẹ̀ ló yé mi.

"Àna mi," ó ní, "èyí jẹ́ ti orí ọmọ mi. Èyí kejì jẹ́ ti ọwọ́ rẹ. Ọjọ́ tí inú bá bí ọ, òun ni kí o lù. Má fọwọ́ kan ọmọ mi. Lọ́dọọdún, bí ẹ bá wá jẹ iṣu tuntun, ẹ gbé e wá kí n ká a wò. Ọjọ́ tí kò bá ṣí mọ́, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti wúwo jù fún ilé kan nìyẹn, ọmọ mi á sì padà wálé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka tẹ ìrọ̀rí kejì yẹn wò, bí ẹni tó ń yẹ búrẹ́dì wò kó tó rà á.

A kó lọ sí Lokongoma ní Lokoja, sí ilé oníyàrá méjì. Ìrọ̀rí orí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí ọwọ́ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò pé oṣù kan tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ha mọ́tò mi lára, tí mo bá ti délé, ìrọ̀rí ni. Bí wọ́n bá fò mí nígbà tí wọ́n ń gbé èèyàn ga lẹ́nu iṣẹ́, ìrọ̀rí ni. Bí ọbẹ̀ bá jóná, tí ìyàwó mi sì ń ṣàlàyé, mi ò ní dá a lóhùn, màá wọ yàrá, màá di ìrọ̀rí náà mú létí kan, ó di gbì! Mo ń fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún gún un, mo ń fi tòsì gún un, mo ń fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga, mo ń gbé e lu ògiri títí òógùn á fi bò mí. Ẹnu mi náà kì í dákẹ́. "Olóríkunkun! Ṣé èmi lò ń dá lóhùn? Màá pa ọ́ lónìí!" Ẹ jọ̀ọ́, ìrọ̀rí wo ló ń dá èèyàn lóhùn? Ẹni tí mò ń bá wí wà ní ilé ìdáná, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Obìnrin Ebira kan ló wà nínú ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ gbì, gbì, gbì nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó dá ìyàwó mi dúró lẹ́nu géètì. "Haba, my sister! Na pounded yam una dey chop every day?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ òun fẹ́ràn iyán ju gbogbo nǹkan lọ. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín débi pé mo lọ fi ṣe àwàdà ní ọ́fíìsì.

Inú mi ń dùn sí ara mi nígbà náà, kí n má parọ́. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pòṣé. Mo ń gba àwọn tó fẹ́ gbéyàwó nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá ìrọ̀rí líle kan. Ọdún mẹ́fà, mi ò fi ìka kan ìyàwó mi. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka oyè.

Lọ́dọọdún, nígbà iṣu tuntun, a ó ti ìrọ̀rí náà sínú àpò, a ó gun òkè lọ. Bàbá á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, á gbé e lé orúnkún, á fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán rẹ̀ láti etí dé etí, á ká a sí méjì, á tẹ̀ ẹ́, á sì jáwọ́. Ìrọ̀rí á ṣí wẹ́rẹ́. Bàbá á tún fọwọ́ kan ojú ìrán náà lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Okun o, àna mi." Àyà mi á wú. Mo wá ń rò ó pé bóyá ọwọ́ mi kò tilẹ̀ wúwo tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Mo lu nǹkan kan fún odidi ọdún mẹ́fà, kò tẹ́, kò gbó. Èmi tí mò ń pààrọ̀ táyà mọ́tò, tí mo mọ̀ pé ohun tí a bá ń lò kò lè ṣàì gbó, mi ò bi ara mi pé báwo ni ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀.

Àràbà ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ Òkè Patti, kò jìnnà sí ọ̀nà tí ìyàwó mi ń gbà ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ á là, òwú rẹ̀ á máa fò kiri. Ní ọdún keje wa, mo ṣàkíyèsí pé ìyàwó mi ń pẹ́ kó tó dé, òwú funfun sì ń wà nínú irun rẹ̀ àti lẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo bi í, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé bẹ́ẹ̀, koríko tún wà lára bàtà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ wo ló ń ti èèyàn ṣubú sínú koríko? Ọkàn mi ti yan ọkùnrin kan fún un, mo tilẹ̀ ti bá ọkùnrin náà ra mọ́tò tó fi ń gbé e. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi lu ìrọ̀rí, tí mò ń pariwo, "Ta ni? Ta ni?" Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó ń wò mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lọ́sàn-án, ó ní òun ń lọ ra ata. Ó pẹ́. Nígbà tó dé, mi ò rí ata lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí òwú tó lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Nǹkan kan já nínú mi. Mo sáré wọ yàrá, mo gbá ìrọ̀rí náà mú, mo là á mọ́ férémù fèrèsé, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo gùn ún, mo fi eyín fa etí rẹ̀, mo ń lù ú bí ọlọ́pàá tó fẹ́ kí olè jẹ́wọ́. Ojú ìrán rẹ̀ là láti òpin kan dé èkejì.

Mo retí òwú. Òwú jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbó, ó ti di eruku. Lẹ́yìn òwú, aṣọ ló ń jáde, aṣọ tí wọ́n fi sáàsì gé wẹ́wẹ́. Mo rí àǹkárá aláwọ̀ ewé tí ìyàwó mi wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo rí ìró tó fi pọn ọmọbìnrin kan tí a bí. Mo rí apá búláòsì tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó sọ fún mi pé wọ́n jí lórí okùn. Mo rí gèlè ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ó ti di ègé mẹ́rin. Mo wà lórí orúnkún mi láàrin wọn, ẹ̀ṣẹ́ mi ṣì wà ní dídì. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí mo rò pé òwú ló ń jẹ ẹ́, ara aṣọ rẹ̀ ló ti ń balẹ̀.

Ìyàwó mi gbé ọ̀rá kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òwú àràbà ló wà nínú rẹ̀, kò tó ìdajì. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà síta.

"Láti ọdún kìn-ín-ní ló ti kú," ó ní. "Kí iṣu tuntun tó dé, mo ká a, kò ṣí. Mo mọ̀ pé Bàbá á mú mi padà, ìtìjú á bá wọn, á sì bá ẹ̀yin náà. Mo tú u, mo kì í, mo rán an padà. Ọdọọdún ni mò ń ṣe é. Bí òwú bá wà, mo lọ ṣa òwú. Bí kò bá tó, mo gé aṣọ mi."

Ó tọ́ka sí ọ̀rá òwú náà.

"Lọ́dún yìí, àràbà yẹn kò so púpọ̀. Aṣọ tí mo lè gé kò sì sí mọ́. Ohun tó kù láti kì sínú rẹ̀ kò ju èmi fúnra mi lọ."

Ẹ lè máa retí pé mo sunkún. Ojú ló tì mí, ìtìjú tèmi kì í sì í pẹ́ di ìbínú. Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo sì ju ẹ̀ṣẹ́ náà síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ògiri ló bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ gan-an, ìka méjì kò lè gba àárín. Mo gbọ́ egungun mi nígbà tó kán. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri, ó ta sí èjìká rẹ̀. Kò sá, kò sì pariwo. Ó kàn pa ojú dé, bí ẹni tí ohun tó ti ń retí láti ọdún mẹ́fà wá dé. Mo lè sọ fún yín pé mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó yí ọwọ́ yẹn.

Nígbà tí mo fi ti ilé ìwòsàn dé, tí wọ́n ti di ọwọ́ mi, tí wọ́n sì ti fi báńdéèjì gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ilé ti ṣófo. Ó ti mú ọmọ wa, ó ti mú ìrọ̀rí orí rẹ̀, ó sì ti mú aṣọ kíjìpá tí mo ya yẹn. Èyí tó kù nílẹ̀ yàrá ni ó fi sílẹ̀ fún mi láti gbá.

Mo fi ọjọ́ méjì gbá a. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí Agbaja. Kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé ọkùnrin tó gbé ọwọ́ kọ́rùn gba ọ̀nà burúkú yẹn, àfi ẹnìkan. Ọmọ àbúrò bàbá ìyàwó mi ni, ẹni tí mo lù lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Àpá ṣì wà ní ètè rẹ̀. "Ẹ dì mí mú dáadáa," gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo fi ọwọ́ òsì gbá a mú níbàdí, ó sì rọra ń yẹ òkúta kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ títí a fi débẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé lọ bẹ àwọn tó wà nínú ilé ná.

Bàbá wà lórí àpótí rẹ̀, ìyàwó mi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, wọn kò ní kí n dìde. Aṣọ ìrọ̀rí náà wà lórí orúnkún Bàbá, òfìfo. Ó ká a sí méjì, ó tẹ̀ ẹ́, ó jáwọ́. Gbogbo wa ń wò ó. Kò ṣí.

"Mo ti ń rí i," ó ní. "Okùn tí mo fi rán an, èmi ni mo fi ìda oyin pa á. Láti ọdún kìn-ín-ní ni ọwọ́ mi ti ń kan okùn mìíràn lójú ìrán. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń tú u. Ṣùgbọ́n ó ń ṣí, mo wá ń sọ fún ara mi pé bó bá ti ń ṣí, àlàáfíà ni." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú sí mi."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Nínú gbogbo ariwo ilé wa, tèmi nìkan ni mo ti ń gbọ́.

Bàbá wá kọjú sí mi. "Àna mi, mo rò pé mo fún ọ ní ohun tí yóò gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ. Àṣé ohun tí o máa fi kọ́ṣẹ́ ni mo fún ọ. Ó kù díẹ̀ kí o ṣe fúrídọ́ọ̀mù." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní rán òmíràn. Bó o bá máa mú un lọ, ọwọ́ òfo lo máa fi mú un lọ, kò ní sí nǹkan kan láàrin ọwọ́ yẹn àti òun. Kó o lọ kọ́ ọwọ́ rẹ lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tó bá wù ú ló máa tẹ̀ lé ọ."

Kò wù ú lọ́jọ́ yẹn. Kò wù ú fún oṣù márùn-ún gbáko. Sátidé kọ̀ọ̀kan ni mò ń gun òkè yẹn, mo ń fi ọwọ́ kan bá wọn ṣa iṣu, mo ń jókòó ti ìyàwó mi níwájú bàbá rẹ̀, mo sì ń padà sí ilé òfo. Lójú ọ̀nà, inú ń bí mi. Mo ń bínú sí i, mo ń bínú sí bàbá rẹ̀, mo ń bínú sí àràbà tí kò so. Kò sí nǹkan kan tí mo lè lù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti jókòó lé ọwọ́ mi. Títí di òní, bí ìbínú bá dé, màá wá àga, màá ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, màá jókòó lé wọn títí yóò fi lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó lọ. Nígbà mìíràn, ìka mi á kú pátápátá. Obìnrin Ebira yẹn ti bi wá pé ṣé a ti ta odó wa ni.

Ó lé ní ọdún kan báyìí tí ìyàwó mi ti padà wálé. Ìrọ̀rí orí tí bàbá rẹ̀ rán fún un ti tẹ́, ṣùgbọ́n ó tẹ́ bí orí ṣe ń tẹ nǹkan, láàrin, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń wà. Mo lọ sí ọjà, mo ra méjì tuntun, onífóòmù lásán, ọ̀kan fún orí tirẹ̀, ọ̀kan fún orí tèmi. Bí a bá ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń ká wọn wò bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Kò sí ẹni tó ń lù wọ́n, kò sí ẹni tó ń tú wọn, wọ́n sì ń ṣí.

Sátidé tó kọjá, a jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ìyàwó mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń sọ ohun tí ọmọ wa wí fún tíṣà rẹ̀, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìrọ̀rí tirẹ̀, mo ká a sí méjì, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gbé ọwọ́ mi sókè kí ó lè ṣí. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyàwó mi ti fi apá méjèèjì bo orí rẹ̀.